Ẹ Má Lu Old Layer Yín Ní Gbàǹjo: Omitooro Ọyẹ́ Wà Lára Rẹ̀

Ọyẹ́ ti ń kanlẹ̀kùn. Lásìkò yìí lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ olóko adìyẹ máa ń fẹ́ tètè kó old layer jáde kí àyè lè gba ọmọ tuntun. Ọlọ́jà á dé, á ní, "Arúgbó lèyí, ó le bí igi." Iye tó bá wù ú ló máa dá lé e. Olóko á sì gbà, torí oúnjẹ adìyẹ ò dúró de ẹnì kankan.

Àwa náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Lọ́dún tó kọjá, a kó tiwa fún oníbàárà kan lówó pọ́ọ́kú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, a rí wọn lọ́jà: ó ti to ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, ọrùn lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀. Èrè ọjọ́ kan tó jẹ ju tiwa tá a fi nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ bọ́ wọn lọ.

Òótọ́ ni pé adìyẹ tó ti lo ọ̀sẹ̀ 72 ò lè rọ̀ bíi bróílà ọ̀sẹ̀ 8. Àmọ́ ohun tó mú un le yẹn gan-an ló ń sọ omi rẹ̀ di omitooro gidi. Awọ, iṣan àti egungun rẹ̀ ti gbó. Tí wọ́n bá pẹ́ lórí iná, oje wọn á yọ́ sínú omi. Bí omi náà bá tutù tó dì bí ẹ̀kọ, ẹ mọ̀ pé ó ti jinná dáadáa.

Bá a ṣe ń sè é nìyí. Ẹ fi omi gbígbóná bó ẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ gé èékánná kúrò. Ẹ kó ẹran, ẹsẹ̀ àti ọrùn sínú omi tútù tó bò wọ́n. Tó bá ti fẹ́ máa hó, ẹ bu ìhó orí rẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ dín iná kù. Ẹ gé alùbọ́sà, atalẹ̀ àti aáyù sí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 3 sí 4. Ìparí lẹ ó fi iyọ̀ sí i. Kò nílò mágì rẹpẹtẹ.

Ẹ lè sọ pé gáàsì ti wọ́n jù. A gbà. Ẹ lo ààrò igi tàbí èédú, kẹ́ ẹ se adìyẹ méjì mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí 2 lọ nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e sínú fíríìjì. Ọjọ́ 3 sí 4 ló lè lò níbẹ̀. Níbi tí iná ò bá sí, ìwọ̀n tí ilé máa mu tán lójúmọ́ ni kẹ́ ẹ sè. A ò ní ó ń wo àìsàn o, àmọ́ bí ọyẹ́ bá mú ọ̀fun gbẹ, ó ń tuni lára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti le nìyí. Bẹ́ ẹ bá fún adìyẹ lóògùn, ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kẹ́ ẹ fi dúró, kó pé kẹ́ ẹ tó pa á tàbí tà á. Sísè nìkan ò lè kó gbogbo oògùn kúrò lára ẹran. Èyí tó ń ṣàìsàn tàbí tó kú fúnra rẹ̀, ẹ má sè é, ẹ má tà á. Ẹ pe dókítà ẹran, kẹ́ ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀. Ọmọ ẹlòmíì ló máa mu omi yẹn.

Èrò tiwa ni pé kẹ́ ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ìkòkò ilé yín, kẹ́ ẹ ta ìyókù ní "adìyẹ omitooro", kẹ́ ẹ sì kọ́ oníbàárà bí wọ́n ṣe ń sè é. Ẹni tó bá mọ ìwúlò ohun tó ń rà kì í nájà bí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Èló lẹ ta tiyín lọ́dún tó kọjá?