Kí Ẹ Tó Kọ́ Ilé Mìíràn, Ẹ Ṣí Ilẹ̀kùn Èyí Tó Wà

Bí gómìnà bá ṣàbẹ̀wò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, ilé tuntun ni wọ́n sábà máa ń mú un lọ ṣí. Wọn a gé rìbọ́ọ̀nù, wọn a ya fọ́tò, orúkọ àwọn ènìyàn ńlá a sì hàn lára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì lè bá yàrá kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fi àgádágodo tì nítorí pé kò síná, kó sì bá ilé ìkàwé tó ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní kíláàsì. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ilé kọ́ ló wọ́n àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré wa jù. Ohun tó wọ́n wọn ni iná, ìwé tó bágbà mu, àti owó oṣù ẹni tí yóò máa tọ́jú ohun tí wọ́n bá rà.

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí à ń wí kò ṣòro mọ̀. Àwọn àgbà inú wọn ti di yunifásítì: Adéyẹmí l'Óǹdó, Aláyàndé ní Ọ̀yọ́, ti Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì, ti Iléṣà. Irú èyí tó wà ní Láńlátẹ̀, ní Ìlá Ọ̀ràngún àti ní Ọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara ló ṣẹ́kù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọdún mẹ́ta gba NCE, ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí fọwọ́ sí fún olùkọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jáde níbẹ̀ ló ń lọ kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ìlú àti abúlé àyíká. Ohun tí ojú olùkọ́ kò bá rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn ọmọ yẹn kò lè rí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò sówó rárá. Láti ọdún 1993 ni òfin ti ń gba owó-orí ẹ̀kọ́ lórí èrè àwọn ilé-iṣẹ́. Òfin ọdún 2011 sọ àpò tí owó náà ń wọ̀ di TETFund, ó sì yà á sọ́tọ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba: bí yunifásítì bá gba ìpín méjì, pólì a gba ọ̀kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ a gba ọ̀kan. 2% èrè ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Òfin ìṣúná 2021 sọ ọ́ di 2.5%, ti 2023 sọ ọ́ di 3%. Láti January 2026, owó ìdàgbàsókè 4% ti gba ipò rẹ̀, ìdajì ibẹ̀ sì ni ti TETFund. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ti padà sí 2%. Àsìkò tó yẹ ká ṣọ́ owó ná gan-an nìyí.

Síbẹ̀, owó náà ní ibi tó mọ. TETFund a kọ́lé, a ra ìwé àti kọ̀ǹpútà, a rán olùkọ́ lọ kàwé sí i. Kì í san owó dísù ojoojúmọ́, kì í sì í san owó oṣù oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọrùn ìpínlẹ̀ tó ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ìyẹn wà, ibẹ̀ gan-an ni okùn sì ti ń já. Ẹni tó kọ́lé ti lọ, ẹni tó yẹ kó máa tan iná síbẹ̀ kò fi í sínú ètò ìṣúná.

Iná ló yẹ kó ṣáájú. Ìjọba àpapọ̀ ní ètò iná oòrùn kan, Energizing Education Programme, ṣùgbọ́n yunifásítì ìjọba àpapọ̀ 37 àti ilé ìwòsàn yunifásítì méje ni wọ́n là á sílẹ̀ fún. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A, ti àwọn tó ń rí iná lò pẹ́ jù lóòjọ́, sókè ní April 2024, 225 náírà ni wọ́n bù lé yúníìtì kan. Ẹni tí kò sì sí ní Band A, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kò ní láti fi iná oòrùn sí gbogbo ọgbà. Kí ó fi sí ilé ìkàwé àti yàrá kọ̀ǹpútà ná. Kí ó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká dípò ti orí tábìlì, nítorí iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, bátìrì sì wà nínú rẹ̀. Kí ó fi fèrèsé ńlá àti fáànù rọ́pò ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tó lè jẹ iná bátìrì tán láàárín wákàtí díẹ̀.

Bí iná bá ti dé, ilé ìkàwé lè ṣí di agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ètò Koha, tí ilé ìkàwé kan ní New Zealand bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2000, ti wà káàkiri ayé láti fi to àkọsílẹ̀ àwọn ìwé àti láti mọ ẹni tó yá wọn, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Kiwix náà wà, tí a fi ń ka Wikipedia lódindi láìsí íntánẹ́ẹ̀tì: kọ̀ǹpútà kékeré kan a gbé e pamọ́, fóònù akẹ́kọ̀ọ́ a sì kà á nípasẹ̀ Wi-Fi inú yàrá náà, láìná owó dátà. Owó tó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n fi ra ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń jáde lọ́wọ́lọ́wọ́, ti Yorùbá pẹ̀lú. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà yẹ kó ti ṣí ìwé ọmọ náà wò.

Yàrá ìkọ́ni ńkọ́? Ní ọdún 1963 ni Dwight Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford gbé micro-teaching jáde: akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́ àwọn èèyàn díẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kékeré, wọn a ya á ní fídíò, yóò wo ara rẹ̀, wọn a tọ́ ọ sọ́nà, yóò sì tún un kọ́. Lónìí fóònù kan lórí igi ìdúró tó láti ṣe é. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni àga tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà, tí gbogbo ojú kọ pátákó. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta jókòó báyẹn, tó ń da ọ̀rọ̀ olùkọ́ kọ, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe mú àwọn ọmọ jókòó. Káfíńtà ìlú lè tú àwọn àga náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ falẹ̀. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò àbáwọlé UTME ti di ti kọ̀ǹpútà. WAEC náà ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2024 fún àwọn tó ń dá ṣe é. Kọ̀ǹpútà ni akẹ́kọ̀ọ́ fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì lè lo ọdún mẹ́ta láìtún fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá máa dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á wò.

A mọ ohun tí àwọn gíwá yóò sọ: àwọn tó ń wá yẹ̀ wọ́n wò máa ń ka iye yàrá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n yunifásítì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi ṣe ààyò àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB; ilé òfìfo kò ní mú wọn yí ọkàn padà. Ibi tí wọ́n ti lè kàwé lálẹ́ lè mú wọn yí i.

Nítorí náà, a fẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá ilé tuntun dúró nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n bẹ TETFund láti darí ìpín wọn sí àtúnṣe, kí wọ́n sì ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Nígbà tí kọmíṣọ́nnà bá gbé ètò ìṣúná rẹ̀ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí wọ́n kọ́kọ́ bi í léèrè iye wákàtí tí ilé ìkàwé fi ṣí lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti ẹni tó ń gba owó oṣù láti tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà. Bí kò bá rí ìdáhùn, kí wọ́n má fọwọ́ sí bíríkì kan.