Ẹ Má Fi Ẹbí Dá Wọn Lẹ́bi

Ní ọdún 2008, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MAVNI. Àjèjì tó ń gbé ilẹ̀ náà lọ́nà òfin, tó sì gbọ́ èdè tí àwọn ológun nílò, lè wọṣẹ́, kí ó sì tètè di ọmọ ìlú. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà, bẹ́ẹ̀ ni Haúsá àti Ìgbò. Ní 2016 wọ́n dẹ́kun gbígba ènìyàn, wọ́n sì mú ìwádìí le fún àwọn tó ti fọwọ́ síwèé. Ọ̀pọ̀ dúró títí. Nígbà tó di 2018, àwọn kan tí wọ́n lé sọ fún oníròyìn pé ìdí tí àwọn gbọ́ ni pé àwọn ní ẹbí ní òkè òkun. Ta ló kọ́ wọn ní èdè tí a torí rẹ̀ gbà wọ́n, bí kò ṣe ẹbí yìí?

Kì í ṣe sójà nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kan àṣírí ìjọba Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ tí àwọn ará wa ń pè ní clearance, kí ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù SF-86. Wọ́n á béèrè òbí, ọmọ, ọmọ ìyá, àti ọbàkan pẹ̀lú. Kí ẹni tí baba rẹ̀ fẹ́ ìyàwó mẹ́ta yáa jókòó dáadáa. Wọ́n á béèrè ilé, ilẹ̀ àti àkáǹtì tó wà nílẹ̀ òkèèrè, àti owó tí a fi ń gbọ́ bùkátà ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Owó oògùn ìyá ní Ìbàdàn, owó iléèwé àbúrò, ilé tí a ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ sí Ọ̀tà: kò sí èyí tí a lè fi sílẹ̀.

N kò bá wọn jà pé wọ́n béèrè. Òbí ẹni lè bọ́ sọ́wọ́ ìkà, kí wọ́n sì fi halẹ̀ mọ́ ọmọ. Ìlànà fífúnni ní àṣẹ yìí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, pàápàá dára lójú ìwé: ó ní kí wọ́n wo orílẹ̀-èdè tó jẹ́, iṣẹ́ tí ẹbí náà ń ṣe, àti bóyá dúkìá ọ̀hún pọ̀ tó láti fa ọkàn ẹni. Jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì nìkan kò sì tó láti fi jáni kulẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gba ipò ọmọ ìlú lọ́wọ́ ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà nítorí pé ó di ọmọ ibòmíràn.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ìlànà kan náà ní, tí iyèméjì bá wà, ààbò ìlú ni kí wọ́n gbè. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ní 1988, nínú ẹjọ́ Egan, pé kò sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ sí àṣẹ yìí. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tí kò mọ Ọ̀tà yàtọ̀ sí Òkèèhò ló ń pinnu ohun tí iyèméjì jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ta Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n bí John Walker ti ọmọ ogun ojú omi àti Robert Hanssen ti FBI sí. Gbèsè ló ti Walker dé ọ̀dọ̀ àwọn Soviet, ó sì ṣe amí fún wọn fún nǹkan bí ọdún 17 kí wọ́n tó mú un ní 1985. Aldrich Ames ti CIA san $540,000 lówó lọ́wọ́ fún ilé, ó sì tún lo ọdún mélòó kan lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó mú un. Àwọn tí ìfẹ́ ilẹ̀ òkèèrè mú ṣe amí náà wà, n kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lóṣooṣù láìjẹ gbèsè, ìwà rẹ̀ ló ń fi hàn. Ó yẹ kí wọ́n kà á sí rere fún un.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù náà. Irọ́ inú rẹ̀ ń gbéni dé ẹ̀wọ̀n. Owó tí ẹ fi rán ẹni tó ń lọ sílé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí aṣojú yín ní ilé ìgbìmọ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston, Maryland àti Atlanta. Ẹ sọ pé kí òfin pàṣẹ pé ẹni tí wọ́n bá já kulẹ̀ nítorí ẹbí gbọ́dọ̀ gba ìwé tó sọ irú ẹbí tó jẹ́, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ọ̀nà tí ìjọba ibẹ̀ lè gbà lò ó. Kí ó rí adájọ́ tí yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀, bí àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ológun ti ń rí i láti 1960. Kí ọjọ́ tí ìwádìí yóò parí sì wà nínú òfin.