Ìmọ̀ràn Kọ́, Ìpolówó Ni!

Ní ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, ọlọ́jà á béèrè ohun tí a fẹ́ àti iye tó wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀rọ tó ń to ọjà síwájú wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í béèrè. Ọjà tí àwọn oníbàárà mìíràn rà pọ̀ ló ń kà, bí Amazon ti ń ṣe láti 1998. Ṣé ìmọ̀ràn nìyẹn? Ìpolówó tí wọ́n fi dátà wa ṣe ni! Owó ìwé wa ló ń bá a lọ. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 gbà kí a kọ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé ibi tí a ó tẹ̀ láti pa á. Ẹ̀yin ará Ìbà àti Okokomaiko, ẹ jẹ́ ká jọ béèrè ẹ̀tọ́ wa.