Ìjiyàn Àwọn Olùdíje, àti Àwa Ará Ibodè

Kò sí ọdún ìdìbò kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tí a kì í gbọ́ ìjiyàn àwọn tí ń du ipò gómìnà, lórí rédíò àti lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe olórí, ó yẹ kí ó jókòó kí a sì bi í léèrè ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìlaròó, Ayétòrò, Ìmẹ̀kọ àti Ìpókíá, nínú gbogbo ìjiyàn tí ẹ ti fetí sí, ìgbà mélòó ni ẹ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ẹ̀gẹ́?

Èmi ti gbọ́ iná mànàmáná, mo ti gbọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú, mo sì ti gbọ́ iye kìlómítà títì tí lágbájá ṣe àti iye tí làmọ̀rín kò ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹkùn tiwa, ohun kan ni a máa ń gbọ́ jù: ó ti tó àkókò kí gómìnà ti Yewa wá. Àwọn ènìyàn a pàtẹ́wọ́, wọn a sì kọjá sí ìbéèrè mìíràn.

Òtítọ́ ni pé ó ti tó àkókò. Láti ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 tí a ti dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀, títí kan ìdìbò 2023, àwọn tí a fi ìbò yàn ní gómìnà ni Olóyè Bísí Ọ̀nàbáńjọ, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, Ọ̀túnba Gbénga Daniel, Sẹ́nétọ̀ Ìbíkúnlé Amósùn àti Ọmọọba Dàpọ̀ Abíọ́dún. Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Rẹ́mọ, Ẹ̀gbá, Rẹ́mọ. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì: kò sí Yewa níbẹ̀, kò sì sí Àwórì. Ní 2019 a fi ọmọ Ọ̀tà, Arábìnrin Noimot Sàlàkọ́-Oyèdélé, ṣe igbákejì. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n igbákejì kọ́ ni ó ń pàṣẹ.

Ta ni ó fà wá sẹ́yìn? Ẹ jẹ́ kí a wo èsì 2019 láìbínú. Ọmọọba Abíọ́dún ní ìbò 241,670. Ọ̀gbẹ́ni Adékúnlé Akínladé, ọmọ agbègbè Ìpókíá, tí ó gbé àsíá APM, ní 222,153. Ọ̀gbẹ́ni Gbóyèga Isiaka, ọmọ Ìmẹ̀kọ, tí ó gbé ti ADC, ní 110,422. Ọmọ Yewa méjì, àsíá méjì. Èmi kò sọ pé inú àpótí kan ni gbogbo ìbò wọn ì bá bọ́ sí; ìdí tí ènìyàn fi ń dìbò pọ̀, kì í sì í ṣe Yewa nìkan ni ó dìbò fún wọn. Àmọ́ 19,517 péré ni ó wà láàrin ẹni kìíní àti ẹni kejì. Ní 2023, Ọ̀gbẹ́ni Bíyìí Ọtẹ́gbẹ́yẹ ti Ìlaròó gba 94,754 lábẹ́ ADC, nígbà tí Akínladé ń bá Ọ̀gbẹ́ni Ládi Adébùtú ti PDP díje gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Ìbò 13,915 ni Adébùtú fi pàdánù. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Síbẹ̀, bí a bá tilẹ̀ gbé ọmọ Yewa gun àga lọ́la, kí ni a fẹ́ kí ó ṣe? Níbi yìí ni ìjiyàn wọn ti ń kù díẹ̀ káàtó.

Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ibodè orí ilẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo tí ó wà láàrin 20 kìlómítà sí ibodè. Lójú ẹni tí ó wà ní Àbújá, ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ ni èyí. Ẹ wá wò ó láti ibi ààrò gààrí. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ń mu epo. Ọ̀kadà tí ń kó o láti oko ń mu epo. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í gbọ́ àlàyé: bí ọjọ́ bí mélòó kan bá kọjá, inú rẹ̀ a dúdú, ó di ti ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n máa ṣí ibodè mẹ́rin ní oṣù kejìlá 2020, Ìdírokò kò sí nínú wọn. Ó di oṣù kẹrin 2022.

Àwa kọ́ ni a fa ààlà yìí. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni ó fà á nínú àdéhùn 1889, tí Alákétu fi bọ́ sí ọ̀hún, tí Onímẹ̀kọ bọ́ sí ìhín. Ní oṣù kejì 2021, tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran le ní Àríwá Yewa, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni àwọn kan nínú ará wa sá lọ. Ibodè tí a tì nítorí ìrẹsì ni wọ́n gbà kọjá kí ẹ̀mí wọn má bàa bọ́.

Mo mọ èsì tí olùdíje yóò fọ̀: ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ibodè. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Ṣùgbọ́n gómìnà ni ó lè gba Àbújá lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí àṣẹ tó jáde. Gómìnà ni ó lè tún ọ̀nà oko ṣe kí ẹ̀gẹ́ tó bàjẹ́. Ẹni tí kò bá lè sọ èyí tí òun yóò ṣe, ìbáà jẹ́ ìgboro Ìlaròó ni wọ́n ti bí i, kò tíì ṣetán.

Nítorí náà, kí ìdìbò 2027 tó dé, kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pe àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá onígààrí jọ, kí ó kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́ gan-an, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tí ó bá sì mú owó dìbò-kí-o-sebẹ̀ wá sí ìpàdé náà, kí ẹ fi ẹnu ọ̀nà hàn án.