Ìdọ̀tí Kọ̀ọ̀kan Ló Ní Ohun Tó Ń Ká A

Ọsàn wẹ́wẹ́, ọtí kíkan, iyọ̀, eérú àti béékìn sódà lè tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe nínú ilé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ló ń lò wọ́n láìwo ohun tí a fẹ́ fọ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: irú ìdọ̀tí wo nìyí?

Bí a bá ń fi kẹ́tù se omi kànga tàbí omi bọhóòlù lójoojúmọ́, èèpá funfun lè lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Èròjà kálísíọ́mù inú omi ló kó èèpá náà jọ. Ọṣẹ kò ràn án. Ohun kíkan ló ń yọ́ ọ. Ẹ da omi àti ọtí kíkan síbẹ̀ ní ìdọ́gba, ẹ jẹ́ kó hó, ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ wá ṣàn án dáadáa. Idẹ tí ojú rẹ̀ ti ṣú náà, ohun kíkan ló ń wá. Ẹ la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ẹ fi iyọ̀ sí i lójú, ẹ fi ra idẹ náà, ẹ ṣàn án, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ má fi kan òkúta mábù o, nítorí yóò jẹ ẹ́ lójú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá yàtọ̀. Eérú igi tí àwọn ìyá wa fi kànìnkànìn bọ̀ kì í ṣe àṣà lásán. Omi eérú èèpo kòkó àti ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a fi ń se ọṣẹ dúdú. Bí omi eérú bẹ́ẹ̀ bá pàdé ọ̀rá lára abọ́, ó ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ọṣẹ. Béékìn sódà náà ń ká ọ̀rá, ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má rẹ ìkòkò alumíníọ̀mù sínú èyíkéyìí nínú méjèèjì, kó má baà dúdú.

Àwọn kan máa ń po ọtí kíkan mọ́ béékìn sódà nítorí ó ń hó ruru. Ìhó yẹn ni pé wọ́n ń sọ agbára ara wọn di òfo. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa lò.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ọsàn tàbí ọtí kíkan láti pa kòkòrò àrùn lára pákó tí ẹ fi gé ẹran tútù. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ tó fi blíìṣì tí ẹ ti bu omi là sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ rèé: ẹ má ṣe da ọtí kíkan tàbí omi ọsàn pọ̀ mọ́ blíìṣì láé. Afẹ́fẹ́ olóró kílórínì ló ń ti ibẹ̀ jáde, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè pa èèyàn. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín àti ẹni tó ń bá yín tún ilé ṣe.