Ẹrù Wà, Alárù Kò Sí

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni mo gbé wá lónìí. Bí ọ̀bẹ bá gé ènìyàn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ a ṣàn díẹ̀, lẹ́yìn náà a dì, ojú ọgbẹ́ a sì jinná. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ tiwọn kì í tètè dá. Bí a bá yọ eyín wọn ní òwúrọ̀, ilẹ̀ lè ṣú kí ẹ̀jẹ̀ tó dúró. Bí a bá kọlà fún ọmọkùnrin wọn, ìdílé kò ní sùn. Imú wọn a máa ṣẹ̀jẹ̀ láìnídìí, nǹkan oṣù àwọn obìnrin wọn a sì pọ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Àìsàn tí í fa èyí kò jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀kan tó ṣọ̀wọ́n, bí ẹnì kan nínú 1,000,000, ni mo fẹ́ sọ. Ní 1954, dókítà kan tí ń jẹ́ Oeri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní èdè Jámánì nípa ọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Àwọn purotéènì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n jùmọ̀ ń mú un dì, nọ́mbà ni a sì fi ń pè wọ́n. Ìkarùn-ún àti Ìkẹjọ ni kò tó lára àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Ibẹ̀ ni àdììtú wà. Jíìnì, èyíinì ni àṣẹ tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ni ó ń sọ bí ara yóò ti ṣe purotéènì kọ̀ọ̀kan. Jíìnì ti Ìkarùn-ún àti ti Ìkẹjọ kò gbé ojú kan. Báwo ni ọwọ́ ìyà ṣe wá ba àwọn méjèèjì pọ̀? Bí ọjà ahunṣọ àti ti alágbẹ̀dẹ kò bá dé ìsọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ojú ọ̀nà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ wò.

Ní 1998 ni William Nichols, David Ginsburg ti Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, Uri Seligsohn ti Ísírẹ́lì àti àwọn mìíràn rí i. Jíìnì kẹta ni ó bàjẹ́. LMAN1 ni orúkọ rẹ̀, alárù sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì, tó kéré tí ojú lásán kò lè rí i, yàrá kan wà tí a ti ń ṣe purotéènì, òmíràn sì wà tí a ti ń parí iṣẹ́ lára rẹ̀ kó tó jáde. Alárù yìí a mú Ìkarùn-ún àti Ìkẹjọ ní yàrá àkọ́kọ́, a bá wọn wọ inú àpò kékeré kan, a já wọn sílẹ̀ níwájú, a sì padà lófìfo wá gbé òmíràn. Ní 2003 ni a tún mọ èkejì rẹ̀, MCFD2, ẹni tí ń gbé ẹrù rù ú. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí, ọwọ́ èkejì kò ràn án. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo iṣẹ́ alárù: ẹ̀bùn Nobel ti 2013 lọ sọ́dọ̀ Rothman, Schekman àti Südhof nítorí irú ìrìn-àjò inú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀.

Ẹrù díẹ̀ ṣì ń rí ọ̀nà yọ́ kọjá, bíi 5 sí 30 nínú 100. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi í dàgbà kó tó mọ̀, tí yóò fi di ọjọ́ tí a yọ eyín rẹ̀.

Ọmọ ní láti gba jíìnì tó bàjẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá kó tó ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ ni ara àwọn òbí le koko. Nítorí náà ni ó fi wọ́pọ̀ díẹ̀ níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ti ń fẹ́ ọmọ àbúrò, bí i ní Ìránì. Àwọn baba wa tí wọ́n ní ẹbí kì í fẹ́ ẹbí kò rí jíìnì rí, ṣùgbọ́n ojú wọn là.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé ó rọrùn láti ṣì í mú. Bí a bá wọn Ìkẹjọ nìkan, a ó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ dídà tí í sábà mú ọmọkùnrin ni, a ó sì fún un ní oògùn Ìkẹjọ nìkan. Ìkarùn-ún kò ní sí síbẹ̀, àìsàn yìí sì ń mú ọmọbìnrin bákan náà. Kí òbí bẹ dókítà kó wọn méjèèjì, kí wọ́n má sì fún ọmọ ní aspirin, nítorí ó ń dá kún ẹ̀jẹ̀ dídà. Ẹ̀bi olóòlà kọ́, ti ìyá ọkọ kọ́.

Oògùn Ìkẹjọ wà nínú ìgò. Ti Ìkarùn-ún, omi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tí a mú dì bíi yìnyín ni a ń fà sí aláìsàn lára. Aboyún tó bá ní àìsàn yìí, kó ti sọ fún dókítà tipẹ́tipẹ́, kí omi ẹ̀jẹ̀ náà lè wà nílẹ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó kò.