Ẹni tí Ẹ̀yẹ Tọ́ Sí

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Yinni yinni, kí ẹni lè ṣe mìíràn." Irú èrò yìí ni ó wà lọ́kàn Alfred Nobel, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ẹni tí ó ṣe dínámáìtì tí a fi ń fọ́ àpáta. Nínú ìwé ìhágún tí ó kọ ní ọdún 1895, ó pàṣẹ pé kí a máa fi èrè orí owó òun ta àwọn tí ó bá ṣe aráyé ní oore jù lọ lọ́rẹ lọ́dọọdún. Láti ọdún 1901 ni a ti ń pín ẹ̀bùn náà. Wọlé Ṣóyinká, ọmọ Yorùbá, gba ti lítíréṣọ̀ ní ọdún 1986.

Ètò tí ó dára ni èyí. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹ̀yẹ kò pé bí kò bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn Jocelyn Bell. Ní ọdún 1967, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó jẹ́ ní Yunifásítì Cambridge, lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, Antony Hewish. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́ ẹ̀rọ ńlá tí ń gba ìró rédíò láti ojú ọ̀run. Òun ni ó sì ń yẹ bébà gígùn tí ẹ̀rọ náà ń kọ àmì sí wò. Níbẹ̀ ni ó ti rí àmì kékeré kan tí ẹlòmíràn ì bá fojú fò. Ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ariwo tí ọwọ́ ènìyàn dá sílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Bell kò jáwọ́. Àṣé irú ìràwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí ni! Síbẹ̀, nígbà tí a pín ẹ̀bùn físíìsì ti ọdún 1974, Hewish àti Martin Ryle ni a fún. A kò fi ti Bell kún un.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀gá ni ó ru ẹrù iṣẹ́, nítorí náà òun ni ẹ̀yẹ tọ́ sí. Bell fúnra rẹ̀ ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Òtítọ́ wà níbẹ̀, nítorí láìsí èrò Hewish, ẹ̀rọ náà kì bá tí sí. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òfin ẹ̀bùn náà gbà kí ẹni mẹ́ta pín in; ẹni méjì péré ni ó gbà á lọ́dún náà. Àyè ẹnì kan ṣì ṣófo.

Ní ọdún 2018, àwọn ẹlòmíràn fún Bell ní ẹ̀bùn tí à ń pè ní Breakthrough, 3,000,000 dọ́là. Gbogbo rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí irú wọn kò wọ́pọ̀ nínú ìmọ̀ físíìsì lè rí owó kàwé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá di ọ̀gá lọ́la, tí a sì pè yín síwájú láti yìn yín, ẹ rántí dárúkọ ọmọ iṣẹ́ yín pẹ̀lú.